Ohun tí Òwú Funfun Gbé Jáde Nínú Ẹ̀rọ Ìkàwé

Kí Ìyá Gbóòórùn tó tú ẹ̀rọ kankan, imú ló kọ́kọ́ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá gbé kọ̀ǹpútà tó ń gbóná lódì wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á gbé e súnmọ́ imú, á fà á símú lẹ́ẹ̀kan, á wá wò ọ́ bí ọlọ́pàá ṣe ń wo ẹni tó fura sí.

“Ta ló ń mu sìgá nílé yín?”

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á ní kò sẹ́ni. Níṣojú wọn náà ni yóò ti tú u. Á fi òwú tó ti rẹ sínú sípíríìtì nu abẹ̀bẹ̀ kékeré inú rẹ̀, òwú á sì dúdú bíi pé wọ́n tì í bọ inú tíì tó ti le.

“Ọ̀dà wà nínú èéfín tábà,” ni á wí. “Tó bá wọ inú ẹ̀rọ, á lẹ̀ mọ́ ọn. Eruku á tún lẹ̀ mọ́ ọ̀dà yẹn, abẹ̀bẹ̀ ò ní lè yí dáadáa mọ́. Ṣé kò ní gbóná ni?” Nítorí imú yìí ni àwọn oníbàárà ṣe ń pè é ní Ìyá Gbóòórùn.

Ọkọ rẹ̀ mọ imú náà ju gbogbo wọn lọ. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ọkùnrin náà ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì mu sìgá fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá a dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tó jáde, ó fi orí àkọ́bí wọn búra pé òun kò ní fẹnu kan sìgá mọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, kò sì jiyàn, àmọ́ ọdún kan gbáko ló fi ń gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ó sinmi.

Ẹ̀rọ ìkàwé ló tún jí ìfura náà dìde. Àkọ́bí wọn ló fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó kó ìwé sínú yìí ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, torí pé ojú bàbá kò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, lórí ẹ̀rọ yìí, ó lè mú kí lẹ́tà tóbi bó ṣe wù ú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò gba iná mọ́.

“Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ mú un wá, màá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Màá gbé e fún ẹlòmíì.”

Ìyá Gbóòórùn dúró, ó wò ó. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ṣe fún gbogbo àdúgbò ló fẹ́ gbé ẹ̀rọ fún ẹlòmíì! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí bàbá ṣe wọ ilé ìwẹ̀, ó ki ẹ̀rọ náà bọ inú báàgì, ó di ṣọ́ọ̀bù.

Kò tíì tú nọ́ọ̀tì kan tí imú rẹ̀ fi sọ fún un. Bọ́tìnnì ń lẹ̀ mọ́ ìka, etí ojú ẹ̀rọ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi bébà àtijọ́, ọ̀dà sì ti bo àwọn irin wẹ́wẹ́ ẹnu ibi tí wọ́n ń ki ṣájà sí. Ó fi òwú nù ún. Nígbà tó rí ohun tí òwú gbé jáde, ó jókòó.

Ó tún un ṣe, ó dá a padà síbi tó wà, kò sì sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ó yẹ àpò wò, kò rí ìṣáná. Ó gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì, èéfín wà níbẹ̀ gbọnmọgbọnmọ. Ṣùgbọ́n ẹnu? Ọṣẹ ìfọyín nìkan ló ń ta sánsán lẹ́nu bàbá. Ta ló ń fọ eyín ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́?

“Níbo lẹ ti ń bọ̀?”

“Ilé ìkàwé ni.”

Ó lọ béèrè rẹ̀ ní ilé ìkàwé. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ ní, “Hà, Mọ̀mí, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí a ti rí wọn gbẹ̀yìn.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lókèèrè. Bàbá gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ó wọ ilé alájà méjì kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Lórí àtẹ̀gùn ni èéfín ti pàdé Ìyá Gbóòórùn. Ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ketekete, bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga pẹ̀lú ẹ̀rọ ìkàwé lọ́wọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin kan tó rù kangara fẹ̀yìn ti ògiri, ó mú sìgá dání. Ìyá Gbóòórùn mọ̀ ọ́n: òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹlẹ́èéfín ni obìnrin náà máa ń pè é tó bá ń bú u, obìnrin náà ló sì lé e kúrò nílé wọn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn.

“Ta nìyẹn?” ni Ẹlẹ́èéfín bi. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́.

“Ìyàwó mi ni.”

“Ìyàwó, káàbọ̀. Tó o bá fẹ́ bú mi, súnmọ́ mi dáadáa. Ojú ló lọ, etí ṣì ń ṣiṣẹ́.”

Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ni Ìyá Gbóòórùn lọ. “Ẹ la ẹnu. Ẹ mí sí mi.”

Bàbá mí sí i. Ọṣẹ ìfọyín.

“Kí lẹ wá ń fọ eyín fún, tí ẹ kò bá mu ún?”

“Nítorí imú rẹ ni.”

Ẹlẹ́èéfín bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi sìgá lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ó bẹ̀rù rẹ ju dókítà lọ.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi purọ́ fún mi?”

“O ní kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa mọ́,” ni bàbá wí. “O ní òun ló kọ́ mi ní sìgá. Òótọ́ ni. Òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà. Kò lè kàwé mọ́, kò sì lẹ́ni tó máa kà á fún un.”

Ìyá Gbóòórùn ṣí báàgì, ó mú òwú tó ti wé sínú bébà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí itan ọkọ rẹ̀. “Inú ẹ̀rọ yín ni mo ti nu èyí. Ẹ̀rọ kì í mí o. Ẹ̀yin tí ẹ ń mí, mélòó nínú ẹ̀ lẹ rò pé ó ti wà ní ẹ̀dọ̀fóró yín?”

Bàbá wo òwú náà.

“Kí ni?” ni Ẹlẹ́èéfín bi. Obìnrin náà fi òwú náà sí i lọ́wọ́. Ó fi ìka pa á, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tẹ sìgá pa. “Tí ọkọ rẹ bá ti wà níbí, n ò ní mu mọ́.”

Ìyá Gbóòórùn kò gbà á gbọ́. Ó ṣí fèrèsé méjèèjì, ó sì ń tú ẹ̀rọ náà wò ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, òwú pọ́n díẹ̀. Ó lọ bá Ẹlẹ́èéfín, ó ní, “Ẹ mu ún kí ọkọ mi tó dé.” Ọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé òun mu méjì. Láti ìgbà náà, ó ní kí wọ́n máa ran òun lọ́wọ́ dé ìloro ìta tí sìgá bá ti ń wù ú. Kò jáwọ́ rárá, kò sì ṣèlérí pé òun máa jáwọ́.

Ẹlẹ́èéfín kú nígbà òjò. Ìyá Gbóòórùn àti ọkọ rẹ̀ ló palẹ̀ yàrá náà mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bàbá gbé àga kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní ìwé tí òun àti olóògbé jọ ń kà ṣì ku orí mẹ́rin, àti pé kíkà á jẹ́ẹ́ ò tẹ́ òun lọ́rùn mọ́.

“Ẹ kà á sókè,” ni Ìyá Gbóòórùn wí, kò gbójú kúrò lára fóònù tó ń tú. “Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ìwé náà tẹ́lẹ̀ fún mi.”