Tísà Muzammil Lójú Ọ̀nà Ṣójà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí ènìyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ó máa gun kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Tísà Muzammil ti gun tirẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún ní Mahintedo, kò sì ṣíwọ́ nígbà tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Inú ti bí i tó bẹ́ẹ̀ tí irun iwájú orí rẹ̀ fi re dànù nítorí ooru tó ń ti agbárí rẹ̀ jáde.

Kì í kúkú ṣe pé ọ̀nà kò sí. Ọ̀kan wà, Ọ̀nà Ṣójà ni wọ́n ń pè é. Lásìkò ogun abẹ́lé ni àwọn ṣójà là á já inú irà, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ṣọ́ etí òkun. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kọngílá kan wá da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kò parí rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Afárá ẹnu ọ̀nà náà ti wó, pákó méjì péré ló kù níbẹ̀. Mọ́tò kò lè kọjá, ọ̀kadà kò lè kọjá, àmọ́ ẹni tó bá lè gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé èjìká sọdá, ó di ọba ọ̀nà. Máìlì mẹ́jọ gbáko láìgbọ́ fèrè mọ́tò kan. Igi ògùrọ̀ lápá kan, omi dúdú lápá kejì, òkúta wẹ́wẹ́ a sì máa ké lábẹ́ táyà.

Ohun tí ẹni tí kò gùn ún rí máa ń rò nìyẹn. Ilẹ̀ gbígbẹ ṣọ̀wọ́n létí omi, nítorí náà gbogbo ohun tó bá yẹ kó gbẹ, ojú Ọ̀nà Ṣójà ni wọ́n ń sá a sí. Edé wà lórí ẹní. Àwọ̀n wà nílẹ̀ gbọọrọ. Ọkọ̀ wà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀dà dí ihò rẹ̀. Bí Tísà bá tẹ agogo kẹ̀kẹ́, àwọn obìnrin á pariwo: "Tísà, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ o, edé ò lẹ́sẹ̀!" Ẹ̀gbẹ́ wo? Irà ni ẹ̀gbẹ́! Lọ́jọ́ kan ó bọ́ sínú irà náà, nígbà tó máa jáde, alákàn mẹ́rin ti jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n ń retí pé kó gbé àwọn lọ.

Èyí tó burú jù ni ti àyálò. Létí omi, bí ènìyàn bá so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté tó sì fi àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wà á sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó ti sọ láìlanu pé kí ẹni tí ìrìn bá ká lára gbé e, kó sì dá a padà. Ẹni tí kò bá fẹ́, á mú àjẹ̀ rẹ̀ dání lọ sílé. Òfin yìí náà ni wọ́n fi mú kẹ̀kẹ́. Wọ́n á wo pẹ́dàlì méjèèjì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, wọ́n á ní àjẹ̀ rẹ̀ nìyí, Tísà fi í sílẹ̀. Ó fi okùn so ó, wọ́n tú okùn náà, wọ́n ká a síbẹ̀ dáadáa bí ọmọlúwàbí. Ó ra àgádágodo oníṣéènì, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ tòun ti àgádágodo sínú ọkọ̀, ó di ìlú Oríòkè-Ìwàmímọ́.

Kí ló wá ń wá lójú ọ̀nà yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò jókòó sílé rẹ̀? Bàbá rẹ̀ ni. Ṣùáíbù lorúkọ bàbá náà, òun ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Mahintedo nígbà ogun. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn ṣójà gùn dé, iyọ̀ òkun ti jẹ ṣéènì gbogbo wọn, ni wọ́n bá mú Ṣùáíbù dání kó máa tún un ṣe lọ́nà. Ó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n bí Muzammil. Bàbá kò padà. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ bóyá opó ni òun tàbí abilékọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Tísà ti bi gbogbo arúgbó tó wà lójú ọ̀nà náà. Ẹnì kan ní odò gbé e lọ. Ẹlòmíràn ní ó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta sí òkè òkun, ó tilẹ̀ mọ bí àwọn ìyàwó náà ṣe pupa tó.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Hafeezah ìyàwó rẹ̀, tó ń ta òwú àti ìwọ̀ ẹja kiri etí òkun, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Bàbá Rekiyat," ó ní, "ǹjẹ́ mo tiẹ̀ ti sọ fún yín? Màmá Moríkẹ́ kan wà, tí òkun gbé ilé rẹ̀ lọ ní Abereke. Ó ń sọ ìtàn ẹnì kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, pé àwọn ló sin ín nígbà ogun."

Tísà dìde. "Ìgbà wo lo gbọ́ ọ?"

"Ìjẹta."

"Ìjẹta! O wá ń ṣa ẹ̀wà?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀wà lẹ fẹ́ jẹ. Ẹ tètè lọ o, Godspower ọmọ ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Sapele lónìí. Bí omi bá ti kún lọ́sàn-án ni wọ́n ń lọ."

Tísà fa kẹ̀kẹ́ jáde. Bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń ta lẹ́yìn rẹ̀ já èso ọ̀pẹ bọ́. Abúlé tí Màmá Moríkẹ́ ń gbé láti ìgbà tí ilé rẹ̀ ti lọ wà nítòsí ìparí ọ̀nà. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri pákó, ó wọlé. Rejoice, ìyàwó ọmọ màmá náà, ló bá níbẹ̀.

"Tísà! Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ilé ńkọ́? Ìyá Rekiyat ńkọ́? Rekiyat fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Gbogbo wọn wà. Màmá dà?"

"Ẹ mu omi ná."

Ó mu omi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Màmá dà?"

"Wọ́n ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ẹ wọlé. Ó jọ pé wọ́n ti jáde."

Tísà sáré síta. Kò rí màmá. Kò rí kẹ̀kẹ́.

"Rejoice!"

"Godspower ló gbé e, Tísà. Ẹsẹ̀ ń dun màmá, ó gbé wọn sẹ́yìn rẹ̀, ó ń tì wọ́n lọ sí èbúté. Ẹ ṣáà fi àjẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀."

"Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọkọ̀!"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè rì."

Ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, pẹ̀lú sálúbàtà, lórí òkúta wẹ́wẹ́, ló wá ki eré mọ́lẹ̀ yìí. Ó fo ẹní edé kìíní, ó fo ìkejì, ó bọ́ sáàárín ìkẹta. Èpè ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Sálúbàtà kan já, kò yẹjú wò ó. Edé tó dànù lọ́jọ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn lékeléke kò fi lè fò fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn.

Ní èbúté, omi ti kún dẹ́nu. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń dún, èrò ti jókòó. Godspower, ọkùnrin gìdìgbà onírùngbọ̀n kan, ń gbé àpótí sínú ọkọ̀. Màmá Moríkẹ́ ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n fi í ti òpó.

"Tísà, ẹ ṣeun kẹ̀kẹ́ o," Godspower kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Tísà la ẹnu láti tú ìbínú ọdún mọ́kànlélógún lé e lórí, èémí kò gbà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde: "Màmá... ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe."

Màmá wò ó láti orí dé ibi ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà. "Kí lo jẹ́ sí i?"

"Ọmọ rẹ̀ ni mí."

"O pẹ́ o. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta!"

"Màmá, ẹ̀yin náà lẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni!"

"Ta ló béèrè? Àwọn ará ojú ọ̀nà ni ìwọ ń bi, Abereke ni èmi wà." Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Ibà ló dá a dúbúlẹ̀, àwọn ṣójà kò dúró. Èmi àti orogún mi bá a lábẹ́ igi, ó ń bá ṣéènì kan jà, ó ní àwọn ṣójà kò ta epo sí i rí. Ọjọ́ méjì ló lò lọ́dọ̀ wa, kò sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹja wa níyọ̀ jù. Ẹní wa ń gún un. Nígbà tó rí i pé ọlọ́jọ́ ti dé, ó ní ká kọjú òun sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Òjò sì ń rọ̀, a kò mọ ibi tí oòrùn wà. Orogún mi ní ká dákẹ́ ká gbọ́ ohùn òkun. A kọjú sí òkun, a mọ̀ pé ọwọ́ òsì wa ni oòrùn ti ń yọ. Bàbá rẹ ní a gbìyànjú. Ohun kan ṣoṣo tó yìn nìyẹn."

Tísà di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. "Níbo, Màmá?"

"Kò ṣeé fẹnu sọ. Mo gbọ́dọ̀ débẹ̀."

"Màmá!" Godspower ké. "Omi ti ń fà! Bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i, inú ẹrẹ̀ la máa wà."

"Mo ṣèlérí fún òkú pé bí ènìyàn rẹ̀ bá wá, màá fi ibẹ̀ hàn án. Sapele kò ní sá lọ. Tísà, tì mí."

Tísà tì í. Godspower tẹ̀lé wọn, ó ń ráhùn. Màmá ní kí wọ́n dúró, ó dẹtí, ó ní ibẹ̀ kọ́. Wọ́n tún lọ, ó tún ní ibẹ̀ kọ́. "Òkun yìí ti sún mọ́lé jù, ohùn rẹ̀ ń tàn mí." Tísà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tó yá, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́lọ́ sápá òsì láìnídìí. Tísà ti ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún bú kọngílá tó ṣe é, bó ṣe máa ń bú u.

Màmá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Kọngílá kọ́. Nígbà tí àwọn ṣójà padà wá fẹ ọ̀nà wọn, orí ibojì ni wọ́n fẹ́ gbé e gbà. Àwa obìnrin mẹ́rìnlá dùbúlẹ̀ lé e. Wọ́n ní ká dìde, a ní kí wọ́n yí ọ̀nà wọn. Wọ́n yí i."

Tísà fi kẹ̀kẹ́ fún Godspower dì mú. Ó wọ inú koríko, ó kọjú sí gábàsì, ó tẹ́wọ́.

"Sún sọ́tùn-ún díẹ̀," màmá ní. "Orí rẹ̀ lo dúró lé."

Ó sún.

"Díẹ̀ sí i."

Ó tún sún, ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Godspower ṣí fìlà, kò sọ ti omi mọ́. Nígbà tí Tísà fọwọ́ nu ojú, Godspower rọra bi í pé: "Kí lorúkọ wọn?"

"Ṣùáíbù."

"Ṣùáíbù," màmá pe orúkọ náà, ó tún un pè. "Kò fi àyè sílẹ̀ tí a ó fi béèrè." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó jókòó sórí koríko, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ. "Godspower, lọ sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ pé omi ọ̀la la máa bá lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kùn, kí wọ́n wá síbí wá kùn. Ẹni tó wà nílẹ̀ yìí á dá wọn lóhùn."