Káàdì Jangirọ́fà Aasiyah

Abdulganiyy Jórinjórin kì í ra omi inú ọ̀rá kó má kọ́kọ́ ka iye ọ̀rá tó wà nínú àpò. Bó bá ra epo jẹnẹrétọ̀, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ bí ìyàwó ilé tó ń fura sí ọbẹ̀ àná. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń jó irin ní Ẹgàn. Àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé bí málékà bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ àlùjánnà, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fi ṣí ilẹ̀kùn wò. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Wọ́n ti ta ilẹ̀ kan fún un rí ní Ayọ̀bọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ti tà fún ẹni mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, ẹni ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá.

Aasiyah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló kó o sí wàhálà. Lọ́jọ́ wọlímọ̀ ọmọ náà, ó ṣèlérí níwájú àwọn ààfáà pé ohunkóhun tó bá béèrè lòun máa ṣe fún un. Ọmọ ò béèrè aṣọ, kò béèrè bàtà. Káàdì ọlọ́dún ló ní òun fẹ́, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọgbà ìṣeré títí ọdún á fi yí po, nítorí jangirọ́fà oníná tó ń gbé àwọn ọmọdé yí lókè. Ìlérí tí ààfáà gbọ́ kò ṣeé gbé mì.

Ọgbà méjì ló wà tó ń ta irú káàdì bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ní Ìgàndò, èkejì ní Ẹ̀gbẹ́dá. Oṣù kan gbáko ni Abdulganiyy fi ń wádìí. Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá Aasiyah, ahun lẹ ń ṣe, ẹ wá ń pè é ní ìwádìí."

"Ọmọ ẹni ni wọ́n fẹ́ gbé sókè. Ṣé kí n má béèrè ni?"

Ó kọ́kọ́ dá lọ sí Ìgàndò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni káàdì tiwọn. Ó bi Ìbíyẹmí, obìnrin tó ń tà á lẹ́nu géètì, ìdí tí kò fi wọ́n. Ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní àánú àwọn òbí ló ń ṣe àwọn. Ẹ̀rín yẹn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó yí ẹ̀yìn káàdì, ó sún un mọ́jú, ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọmọ lè gun nǹkan lójúmọ́, tó bá ti jù bẹ́ẹ̀, kó sanwó. Káàdì náà kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Iléyá àti lọ́jọ́ Kérésì. Ọjọ́ tọ́mọ á fẹ́ lọ gan-an ni káàdì á sùn. Ó ṣírò ó wò lẹ́yìn páálí ọ̀pá ìjórin, ó rí i pé kí oṣù kẹrin tó parí, owó àfikún á ti mú un ju ti Ẹ̀gbẹ́dá lọ.

Ti Ẹ̀gbẹ́dá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ ló wà nínú ẹ̀, ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ lásán. Ó dára jù, ó hàn kedere. Ìyẹn gan-an ló tún bà á lẹ́rù. Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, kí ló ń fi pamọ́?

Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú Aasiyah lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ṣóbọ̀wálé tó ni ọgbà náà gbà kó yẹ jangirọ́fà wò kó tó sanwó. Apá irin mẹ́jọ ló ní, àga kéékèèké rọ̀ mọ́ wọn, pẹ́ńtì pupa ń dán lára wọn. Àwọn ọmọdé ti tò sílẹ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa, bàbá," ni Ṣóbọ̀wálé wí. "Àbùkù kankan ò sí lára ẹ̀."

Abdulganiyy bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ apá kìn-ín-ní, ó fi kọ́kọ́rọ́ ha oríkèé rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ló ń já bọ́. Fílà ni wọ́n fi dí i, nǹkan bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ibi tó wó lára mọ́tò. Inú rẹ̀ dùn ná, ká má purọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ wọ́n. Ó ha á síwájú sí i kí gbogbo èèyàn lè rí i. Níbẹ̀ ló ti rí ojú ìjórin kéékèèké mẹ́ta, tí wọ́n tò bí ẹsẹ̀ ẹyẹ.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹyẹ parí oríkèé gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má baà sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní gbogbo Ẹgàn, Abdulganiyy nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá rántí. Ó ku ọ̀la kí Iléyá èṣí pé, ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ń dúró dè é, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, ni Fẹ́kọ́mi alágbàṣe kó páìpù mẹ́jọ dé, ó ní kó yára jó oríkèé wọn. Táàkì lásán ló ṣe, ìyẹn fífi iná kan irin díẹ̀díẹ̀ kó má baà sún kí wọ́n tó jó o gidi. Ó fi fílà bò ó, ó kùn ún, ọwọ́ sì ti fi ẹsẹ̀ ẹyẹ sí i kí ọkàn tó mọ̀. Òun tó ń béèrè gbogbo nǹkan lọ́wọ́ gbogbo ayé, lọ́jọ́ yẹn, kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi páìpù ṣe.

Ó lè fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n gba Ìgàndò lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wo àwọn ọmọ tó tò sílẹ̀, ó nàró.

"Ẹ pa ẹ̀rọ yìí. Ẹ má jẹ́ kọ́mọ kankan gùn ún."

Ṣóbọ̀wálé wò ó tìfuratìfura. "Bàbá, ṣé kí n lè dín owó káàdì ni? Àbí àwọn ará Ìgàndò ló rán yín?"

"Jórinjórin ni wọ́n jàre," ni obìnrin kan wí lẹ́yìn. "Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá."

Ìbéèrè Ṣóbọ̀wálé gan-an ni Abdulganiyy fúnra rẹ̀ ì bá béèrè. Ojú tì í débi pé ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ ọ́. "Mo mọ̀ nítorí èmi ni mo jó o. Mi ò jó o tán." Ó ha àwọn yòókù, ó fi àmì ẹsẹ̀ ẹyẹ náà hàn wọ́n lára apá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tún un jó, kò gba kọ́bọ̀. Ṣóbọ̀wálé gbé àga tì í, ó ń ka ọ̀pá ìjórin rẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ha gbogbo oríkèé bó ṣe ń tutù. Abdulganiyy ò bínú.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ra káàdì. Aasiyah dé ìdí jangirọ́fà, ó dúró, kò gùn ún.

"Bàbá mi, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ẹni tó ni ín."

"Ṣé wọ́n mọ irin?"

Ta ló sì kọ́ ọmọ náà? Abdulganiyy bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fún ara rẹ̀ sínú àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, ó ní kí wọ́n tan án. Ẹ̀rọ gbé e yí, òrùlé Ẹ̀gbẹ́dá ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó wo ilẹ̀, Aasiyah ò juwọ́ sí i, kò sì rẹ́rìn-ín. Oríkèé tó wà lókè orí bàbá rẹ̀ lọmọ náà tẹjú mọ́.