Ọwọ́ Tí Mi Ò Fún Láyè

“Ṣé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà fọwọ́ kan ikùn rẹ?”

Mo wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà, mo dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé l'Ókìtìpupa, àgbàlagbà tó ti hewú sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Màmá Dókítà la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ wọn dúró yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, aṣọ funfun wọn ń rùn bíi sítáàṣì àti òógùn.

Mo ní, “Rárá.”

Ìyá mi jókòó tì mí, òórùn èéfín púpurú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan nílùú wa ní Erinje ṣì wà lára ìró wọn. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ má dá a lóhùn, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Mo bi í, ó sì ti dáhùn,” ni Màmá Dókítà wí. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì mìíràn. Ojú tì mí. Nílé wa, ọmọ tó bá sọ “rárá” fún àgbà, ìgbátí ló máa gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyá mi lọ bu omi. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà rọra wọlé. Ó rò pé mo ti sùn. Ó gbé ọwọ́ tútù lé ikùn mi, ó tẹ abẹ́ ìhà mi lósì, ó tún un tẹ̀. Mo dijú pinpin. Àfi bó ṣe figbe ta: “Nọ́ọ̀sì! Ẹ bá mi pe Màmá!”

Ariwo bàtà ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, àti ohùn ìyá mi tó ń ké hálelúyà, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń kán tó, tó, sínú rọ́bà tó wọ apá mi. Wọ́n ṣàlàyé fún ìyá mi pé àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde tó ń ṣe mí ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rọ́ lọ síbì kan nínú ikùn, tí ibẹ̀ sì ń wú. Ká ní ẹnì kankan ò tètè mọ̀ ni, mi ò bá tí rí alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ara mi yá díẹ̀, Màmá Dókítà mú ọ̀gbẹ́ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wá. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ pọ́n. “Jọ̀ọ́, má bínú. O ní rárá, mo sì fọwọ́ kàn ọ́.”

Ìyá mi bú sẹ́kún. “Háà, mà! Ẹni tó gba ọmọ mi là ló ń bẹ ọmọ yìí?”

“Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀,” ni Màmá Dókítà wí. “Ìyẹn yàtọ̀ sí èyí.”

Mo wo ojú ìyá mi, mo wo tọ̀gbẹ́ni náà. Mi ò mọ èyí tó yẹ kí n sọ, “ẹ ṣé” ni àbí “ó ti tán”.

Mo ti dàgbà kí n tó lọ bi Màmá Dókítà, lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì: “Tí kò bá fọwọ́ kàn mí ńkọ́, mà?”

“Mo yẹra fún bẹ́ẹ̀dì rẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn,” ni wọ́n wí, “kí ìtìjú má bàa tún mú ọ. Ó yẹ kí n wá, kí n tún bi ọ́. Mi ò wá.”

Mo ti lọ́mọ tèmi báyìí. Bí dókítà bá nawọ́ sí i tí ọmọ náà sì sún mọ́ ògiri, “ẹ fi í sílẹ̀” àti “ẹ yẹ̀ ẹ́ wò” a jọ dé ẹnu mi lẹ́ẹ̀kan náà. Títí dòní, mi ò mọ èyí tí mo lè kọ́kọ́ sọ nínú méjèèjì.