Igi Òkun ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi yóò lọ wo igi kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Agbonou, yóò sì ké wọlé pé: "Kò tíì dé o!" Òkun ló ń wí.

Etíkun ló ti fa àwọ̀n títí ó fi hewú, kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Níbẹ̀, onílé kọ̀ọ̀kan ló ń ri igi mọ́lẹ̀ kó lè mọ ibi tí òkun jẹ ilẹ̀ dé. Ìtàn ìlú etíkun náà kò gùn lẹ́nu rẹ̀: "Wọ́n la títì fún wa, òkun gbé e. Wọ́n kọ́ ilé ìwé, òkun gbé e. Ìjọba ń kọ́, òkun ń jẹ."

Onísẹ́mì tó fi alùpùpù gbé e wálé lọ́jọ́ kan rẹ́rìn-ín títí nígbà tó gbọ́ ohun tí igi náà wà fún. "Bàbá, orí òkè la wà! Lomé lòkun wà."

"Àwa náà, ọ̀hún la ní ó wà tẹ́lẹ̀," ló dá a lóhùn.

Ìyá mi ló máa ń fi í ṣẹlẹ́yà jù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbi òkú ní Moretan, mo jí láàárọ̀, mo bá ìyá mi nídìí igi náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ojú tì í nígbà tó rí mi.

"Kò tíì dé," ló wí, ó sì wọlé lọ dáná.