Wọ́n Fọ Àbàjà Kúrò Lójú Ọ̀rẹ́ Mi

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ-ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe. Títúnṣe gan-an ló ń rí mi lára.

Kámẹ́rà kékeré tí bàbá rẹ fún mi, ike ọṣẹ tóbi jù ú lọ. Bàbá rẹ ní àwọn tó ń ṣe é kò ṣe é mọ́, pé bí bátìrì rẹ̀ bá kú, ó parí nìyẹn. Mo ní kò burú, wọn ò ṣe irú èmi náà mọ́. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ohun tí mo bá rí ní Nyanya níbí ni mò ń yà: ata tí mo sá sórí páànù, ẹsẹ̀ ọmọdé nínú sálúbàtà ìyá rẹ̀, àwọn tó ń du bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Fóònù yín ni mi ò fẹ́ẹ́ rí. Ẹ ó ya èèyàn dúdú, yóò pọ́n bí ọsàn. Ṣíọ̀!

Ọ̀rẹ́ mi ará Ọ̀yọ́, tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, ní òun fẹ́ fọ́tò ńlá tí òun máa gbé kọ́ sí pálọ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ òun lè fi mọ òun lẹ́yìn ọ̀la. Àbàjà ojú rẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ó jinlẹ̀, ó gún régé. Mo yà á lẹ́nu ọ̀nà kí oòrùn tó le. Mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ gan-an ni mo mú.

Èmi pẹ̀lú rẹ la gbé e lọ tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan ní Wuse. Nígbà tí ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn gbé fọ́tò jáde, ojú tó wà níbẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

“Ta nìyí?”

“Màmá tẹ́ ẹ mú fọ́tò wọn wá ni, mà. Mo bá yín yọ àwọn àpá ojú yẹn dànù.”

“Àpá? Ìwọ ọmọ Yorùbá, àbàjà lò ń pè ní àpá?”

“Hàbà, Màmá, ẹ má bínú. Bí gbogbo oníbàárà mi ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn.”

Mo tutọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú tì ọ́, o ń wo ibòmíràn. Mo ní kó tẹ òmíràn bó ṣe wà nínú káàdì kámẹ́rà mi, mo sì gbé méjèèjì lọ́wọ́, kí ọ̀rẹ́ mi lè rí ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

Ó gbé èyí tí wọ́n fọ̀ lé itan. Ó fi ìka pa á lẹ́rẹ̀kẹ́.

“Èyí ni n ó gbé kọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn o.”

“Mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n dì mí mú tí wọ́n ń kọ ilà ojú yìí, ta ló bi mí léèrè? Onífọ́tò yẹn náà ò bi mí. Ìwọ ló kù. Bi mí.”

Kò wù mí, ṣùgbọ́n mo bi í pé èwo ló fẹ́. Ó tún nàka sí ọ̀kan náà.

Èmi ni mo kan ìṣó rẹ̀ mọ́ ògiri. Títí dòní, bí mo bá lọ kí i, mo máa ń kẹ̀yìn sí ògiri yẹn, kí n lè máa wo ojú rẹ̀ gan-an.