Àdá Tí Kò Dé Oko

Lọ́dọ̀ wa ní Kàbà, àgbàlagbà kì í rìn lásán. Bí o bá jáde láàárọ̀ lọ́wọ́ òfo, ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ọ pé "Okun o" á béèrè ibi tí ò ń lọ. Bí o bá ní o ò lọ síbì kan, ó di ọ̀rọ̀ nìyẹn: bóyá o ti ta mọ́tò rẹ, bóyá ìyàwó ti lé ọ jáde. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí n máa fẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ nítorí àtọ̀gbẹ tó ń ṣe mí, àdá ni mo kọ́kọ́ lọ rà.

Eéwo ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì náà. Bí ọ̀kan bá sàn lọ́rùn, òmíràn á yọ lábíyá. Ó ṣàlàyé pé bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ńṣe ni ara máa ń jó lábẹ́lẹ̀ bí ààtàn tó ń rú èéfín. Àwọn ọmọ ogun ara á máa sáré kiri níbi tí ọ̀tá kò sí. Tí kòkòrò àrùn gidi bá wá dé, wọn ò ní lè jà dáadáa mọ́. Ìrìn ojoojúmọ́, pẹ̀lú oògùn, a máa dín iná náà kù díẹ̀díẹ̀. Mo ń mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kí n tó fẹ̀yìn tì, yunifásítì ni mo ti ń kọ́ni. N kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣàlàyé nǹkan tán. Mo délé, mo tún un sọ fún ìyàwó mi, mo fi ọ̀rọ̀ ńláńlá kún un.

Eré ìdárayá tí mo ṣe kò ju ìyẹn lọ. Láràárọ̀, mo máa ń gbé àdá kọ́ èjìká, àwọn ènìyàn á máa kí mi, inú mi á dùn pé mo ti di àgbẹ̀ lójú wọn. Tí mo bá ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, mo máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan, kí n kàwé, kí n sì gun ọ̀kadà gba ẹ̀yìn ìlú padà sílé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, eéwo mìíràn yọ. Nọ́ọ̀sì gún ìka mi, ó wo ẹ̀rọ, ó fajú ro.

"Ṣé ẹ ń rìn, sà?"

"Lójoojúmọ́."

"Ẹ sì ń lo oògùn?"

"Déédéé."

"A jẹ́ pé oògùn náà ò ká a mọ́. Màá kọ̀wé sí dókítà pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́." Ó mú bíírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà.

Yàrá náà ò ní ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà kan tó ní oko iṣu lẹ́yìn igi máńgòrò yẹn jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń dúró de oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀. Ó dá sí i.

"Nọ́ọ̀sì, má bá tísà wí. Ó ń gbìyànjú. Láràárọ̀ ni mo ń rí i lábẹ́ máńgòrò. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Mo kí i títí kò gbọ́, Bíbélì ló ń kà."

Ìwé àwàdà ni.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. "Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín ni, sà? Ṣé àyà ń dùn yín?"

Ọ̀nà àtisá ṣí sílẹ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo di aláìsàn tó ń tiraka. Mo tilẹ̀ ti la ẹnu.

"Àwa obìnrin ìjọ ti ń gbààwẹ̀ fún un láti ọjọ́ Ajé, kí Ọlọ́run fún un lágbára dé oko," ni ìyá náà wí. "Èmi gan-an ò tíì fi nǹkan kan ẹnu lónìí."

"Kò rẹ̀ mí," mo wí. "N ò rìn ni. Ojú ń tì mí kí wọ́n rí i pé àìsàn ni mò ń rìn fún."

Nọ́ọ̀sì fa ìwé náà ya. "Irọ́ ni mo fẹ́ kọ abẹ́rẹ́ fún."

N ò lè gbójú sókè. Ohùn ìyá náà ni mo gbọ́, kò sì sí ìbínú nínú rẹ̀.

"Tísà, ṣé kí n lọ sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n jẹun?"

Mo ní kí wọ́n jẹun.