Bọ́tìnnì Ìparẹ́

Ọdún kẹjọ rèé tí èmi àti obìnrin yìí ti jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ yìn ín. Aago ni èmi ń tún ṣe. Tábìlì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nítorí pé ojú mi ti ń di ti àgbà. Tirẹ̀ fara ti ògiri, ó sì ti ń bá mi bínú nítorí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á ní "Hùn-ún." Bí n kò bá kí i, á bi mí bóyá òun ṣẹ̀ mí ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa pààrọ̀ bọ́tìnnì tó ti gbó lára àwọn ẹ̀rọ orin: dùùrù oníná, ẹ̀rọ ìlù, àwọn àpótí tí olórin fi ń gba ohùn sílẹ̀. Kò ṣe òmíràn. Bí sípíkà rẹ bá fọ́, á ní kí o máa lọ. Bí wáyà iná rẹ bá jó, á bi ọ́ pé ta ló rán ọ wá. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì bá ti ṣá, tó fi jẹ́ pé ènìyàn á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dáhùn, tàbí kí a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá láti ọ̀nà jíjìn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́.

Mo ti wò ó títí. Á tú ẹ̀rọ, á to nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú ìdérí ìgò bí wọ́n ṣe ń jáde tẹ̀ léra wọn. Lábẹ́ bọ́tìnnì tí ìka wa ń kàn yẹn ni bọ́tìnnì gidi wà, kò ju èékánná ọmọdé lọ, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ. Á fi irin gbígbóná kan ẹsẹ̀ kan, lẹ́ẹ̀dì á yọ́, á sì fi ọ̀pá kékeré kan fà á mu kí ó tó dì. Ẹsẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ kẹrin. Bí irin bá pẹ́ jù lójú kan, ọ̀nà bàbà tí iná ń gbà kọjá lórí pátákó á bó bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí, ẹ̀rọ yẹn ti di ẹrù àkìtàn nìyẹn. Tirẹ̀ kì í pẹ́ jù. Á ka ení, èjì, ẹ̀ta sábẹ́ eyín, á gbé irin kúrò. Kò síbi tí irin yẹn kò tíì jó lára ìka rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè gbà. "Ta ló ń tẹ nǹkan báyìí? Ṣé ìṣó lo rò pé ò ń kàn mọ́ ògiri?" Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà nìyẹn, kódà kí oníbàárà náà ti hu ewú. Tẹ̀-ẹ́-wò ni gbogbo ọjà ìta wa ń pè é, nítorí òfin kan tó ṣe. Ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì rẹ̀ àfi bí ẹni tó ni ín bá tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó tún ṣe, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lójú rẹ̀ kòrókòró. "Tẹ̀ ẹ́ wò," á ní. Ọkùnrin kan ní òun ń kánjú, òun á tẹ̀ ẹ́ tí òun bá délé. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ó máa sáré lọ sílé tó ń kánjú dé. Ọkùnrin náà dúró, ó tẹ bọ́tìnnì mọ́kànlélógún bí ọmọ iléèwé.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ayé rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, ni wọ́n jọ ń kọrin káàkiri nígbà kan. Àbúrò ló ń kọrin. Tẹ̀-ẹ́-wò kò lóhùn rárá, tirẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n òun ló máa ń dúró nídìí ẹ̀rọ ìlù, gbogbo ìlù tí wọ́n ń lò, òun ló tò ó, láti orí rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ló fi kọ́ iṣẹ́ bọ́tìnnì pàápàá. Ìgbà tó kọ́kọ́ ṣá, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe, ó bá yá irin lọ́wọ́ ẹnìkan, ó jó ara rẹ̀, ó sì rí i ṣe.

Ìyá wọn wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ̀gbọ́n lọ tọ́jú ìyá fún oṣù méje. Nígbà tó padà dé, àwo orin ti jáde, àwòrán àbúrò nìkan ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀ pé òun nìkan ló ṣe é, àti orin àti ìlù. Ẹ̀gbọ́n bi í léèrè. Àbúrò ní, "Ẹ ò sí nílé." Láti ọjọ́ yẹn, ọdún mẹ́sàn-án, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá wọn kú, ọ̀kan dúró lápá ọ̀tún sàréè, ìkejì lápá òsì, wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ padà sílé.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí lọ́jọ́ Túsìdeè tí obìnrin kan tó jọ Tẹ̀-ẹ́-wò bí ìbejì, àfi pé ó sanra díẹ̀, ya wọ ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú ẹrù tó fi aṣọ wé.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó kí mi. Ó wá yíjú sí tábìlì kejì. "Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀."

Tẹ̀-ẹ́-wò kò gbójú sókè. "Kí ló bàjẹ́?"

"Bọ́tìnnì ẹ̀ ni. Wọn ò dáhùn mọ́. Ẹni méjì ni mo gbé e fún, àwọn méjèèjì ní kí n gbé e wá bá yín. Mo ní eré lọ́jọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn ńlá. Ìlù mi gbogbo wà nínú ẹ̀."

"Ìlù ta ni?"

Àbúrò tú aṣọ kúrò lára ẹrù náà, ẹ̀rọ ìlù àtijọ́ yẹn gan-an ni. Mo ń retí kí ẹ̀rọ fò gba fèrèsé tí mo jókòó tì jáde, mo tilẹ̀ fọwọ́ bo àwọn aago mi.

"Gbé e kalẹ̀," ni Tẹ̀-ẹ́-wò wí. "Tọ́sìdeè ni kó o wá."

Nígbà tó lọ tán, mo ní, "O gbà á?"

"Iṣẹ́ ni. Bàbá Aláago, ẹ kọjú sí aago yín."

Bọ́tìnnì mọ́kàndínlógún ló wà lára ẹ̀rọ náà. Mẹ́rìndínlógún tó tò gbọọrọ ni wọ́n fi ń to ìlù, ọ̀kan wà fún lílù, ọ̀kan fún gbígbà sílẹ̀, ọ̀kan fún pípa ohun tí a gbà sílẹ̀ rẹ́. Gbogbo wọn ti gbó, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn yẹn yàtọ̀. Tẹ̀-ẹ́-wò gbé e sókè sí iná, ó wò ó títí. Àtàǹpàkò ti jẹ ẹ́ wọnú títí ó fi jinkòtò, a kò rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. "Ó ń tò ó, ó ń pa á rẹ́," ó ní. "Ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Kò rí ọ̀kan tó dára ṣe."

Àárọ̀ Tọ́sìdeè ló jó ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ náà. Ààyè ìlù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà nínú rẹ̀, iná pupa kékeré kan sì máa ń tàn níwájú ààyè tí ìlù bá wà. Mọ́kànlá péré ló tàn. Ó ń tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá sì ti dá ìlù kan mọ̀ báyìí, á gé e kúrò kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí ẹni tó ń pa ilẹ̀kùn dé mọ́ àlejò lójú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìlù kẹta wọ̀ mí lára, débi pé nọ́ọ̀tì aago kan bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì rí i di òní. Inú bí mi. Ṣé obìnrin tó ń pòṣé sí mi láti ọdún mẹ́jọ yìí náà ló ní irú nǹkan báyìí nínú?

Àbúrò dé ní ọ̀sán. Tẹ̀-ẹ́-wò ti ẹ̀rọ náà síwájú rẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́ wò."

Ó tẹ̀ ẹ́. Mẹ́rìndínlógún dáhùn geere. Ti lílù dáhùn, ti gbígbà sílẹ̀ dáhùn. Ó ku ìparẹ́. Bí ó bá jẹ́ oníbàárà mìíràn ni, Tẹ̀-ẹ́-wò á ní kí ó lu ohun tó bá ti wù ú sínú ààyè òfìfo, kí ó sì fi ìyẹn dán an wò. Lọ́jọ́ yìí, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà.

"Mọ́kànlá ló wà níbí. Ta ló ni wọ́n?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní ta ló ni wọ́n."

"Èmi ni gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ wọn."

"Mi ò bèèrè ìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, kó o tó lu àkọ́kọ́, wàá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ẹ̀gbọ́n ẹ ló ṣe é. Gbólóhùn kan péré. Tó ò bá lè sọ ọ́, bọ́tìnnì ìparẹ́ nìyẹn. Mo ti tún un ṣe fún ẹ. Fi wọ́n dán an wò."

Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó sì rọra fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó ti borí. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí ohun tí èmi náà ń rò ni. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ba eré ara rẹ̀ jẹ́ nígbà tó ku ọjọ́ méjì?

Ohùn àbúrò kò ga nígbà tó dáhùn.

"Ẹ mọ̀ pé mo gbìyànjú láti ṣe tèmi? Ojoojúmọ́ ni. Gbogbo èyí tí mo bá tò, bí mo bá tẹ́tí sí i, òṣé yín ni mò ń gbọ́ nínú ẹ̀. Mo máa pa á rẹ́. Ó sú mi."

Ó yan ìlù kìíní, ó tẹ ìparẹ́. Iná pupa náà kú. Ó yan ìkejì. Iná kú. Bọ́tìnnì tí Tẹ̀-ẹ́-wò fọwọ́ ara rẹ̀ jó síbẹ̀ kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ojú Tẹ̀-ẹ́-wò. Mo ní á sọ pé ó tó. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, ó la ẹnu. Ó tún un pa dé. Ojú tì mí, nítorí pé èmi náà lẹ́nu, n kò sì fọhùn. Ẹ̀kẹjọ, ẹ̀kẹsàn-án, ẹ̀kẹwàá. Àbúrò ń sunkún nígbà tó kan ìkọkànlá, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Ẹ ṣeun, mà." Ó fi aṣọ wé ẹ̀rọ náà, ó gbé e, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì bọ́ sójú títì.

Tẹ̀-ẹ́-wò bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì rẹ̀. Ó nu ibì kan náà títí. Inú mi yẹ kó dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí ẹni tí yóò borí rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyànjú ló jáde lẹ́nu mi.

"O lè tún wọn tò. Ṣebí orí rẹ ni wọ́n ti wá."

"Inú ẹ̀rọ ni mo kó wọn sí," ó ní. "Kí orí mi lè ráyè ni mo ṣe kó wọn síbẹ̀."

Mo fi èékánná lu ìlù kẹta yẹn lórí tábìlì mi, bí mo ṣe rántí rẹ̀.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló wá ṣe rí?"

Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó lù ú. Ó dúró. Ó tún un lù, ó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó mi orí, ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ìyẹn náà tún yàtọ̀. Ó wá gbójú sókè wò mí, kò fajú ro, kò pòṣé.

"Bàbá Aláago, ẹ gbọ́ ọ láàárọ̀. Èwo ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Mo ní ìkejì ni. Irọ́ ni mo pa. N kò mọ̀ ọ́n.